Aláìgbọràn kọ́, etí rẹ̀ ni kò gbọ́

Ọmọ wà ní CI, wọ́n pè é, kò dáhùn. Wọ́n ní olórí kunkun ni, wọ́n nà án. Ẹ dúró ná. Ẹ lọ sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí kò ti ní rí ẹnu yín, kẹ́ ẹ pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí kò bá yíjú lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ mú un lọ sí ọsibítù. Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí tàbí ọyún, ìyẹn ní ìtọ́jú. (Ẹ má ki igi bọ̀ ọ́ o!)

Bí kò bá gbọ́ rárá ńkọ́? Ẹ má fi í sídìí àtẹ. Ní Louho, ní Àjàṣẹ́ níbí, ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí ọmọ adití àti ọmọ tó ń gbọ́ ti jọ ń kàwé. Gbogbo wọn ló ń kọ́ èdè ọwọ́. Láti CI ni kó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá dàgbà.