Ojú Ta Ni A Fi Ń Wò Ó? Ọgbọ́n Ìsọ̀tàn Nínú Fíìmù Shutter Island

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Òwe yìí fi hàn pé òkèèrè ni òǹwòran máa ń dúró sí wo wèrè. Fíìmù Shutter Island, tí Martin Scorsese darí, tí ó jáde ní ọdún 2010, kò fún wa ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ìsọ̀tàn tí ó fi ṣe èyí ni a fẹ́ ṣàlàyé.

Inú ìwé ìtàn àròsọ Dennis Lehane, tí ó jáde ní 2003, ni a ti mú ìtàn náà. Ibùdó ìtàn ni ilé ìwòsàn alárùn ọpọlọ ní erékùṣù kan nítòsí Boston, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1954. Agbófinró kan, Teddy Daniels, àti ẹnìkejì rẹ̀, Chuck, wá ṣèwádìí obìnrin kan tí ó tẹ ọmọ rẹ̀ mẹ́ta rì sínú omi, tí ó sì pòórá nínú yàrá tí a tì pa. Kò pẹ́ tí Teddy fi ń fura sí àwọn dókítà. Àwa náà ń bá a fura.

Ìgbẹ̀yìn ni àṣírí tú. Teddy gan-an ni aláìsàn. Andrew Laeddis ni orúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni ó pa àwọn ọmọ wọn mẹ́ta. Òun náà sì yìnbọn pa ìyàwó náà. Chuck ni dókítà rẹ̀. Eré ni gbogbo ìwádìí náà, tí àwọn dókítà bá a ṣe kí ojú rẹ̀ lè là, kí wọ́n má baà ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún un.

Kámẹ́rà ni asọ̀tàn nínú fíìmù. Nítorí pé ojú Teddy ni ó fi ń wo nǹkan, irọ́ tí Teddy ń pa fún ara rẹ̀ ni a gbà ní òtítọ́. Síbẹ̀, adarí eré fi àmì sílẹ̀. Chuck, tí ó pe ara rẹ̀ ní agbófinró, kò mọ bí a ti ń yọ ìbọn kúrò ní ìbàdí. Bí a bá sì tún lẹ́tà Edward Daniels, orúkọ Teddy ní kíkún, tò, Andrew Laeddis ni yóò dà.

Ní ìparí, Andrew bi dókítà rẹ̀ léèrè èwo ni ó burú jù: kí ènìyàn wà láàyè bí ẹni ibi, tàbí kí ó kú bí ẹni rere? Lẹ́yìn èyí ni ó dìde tẹ̀lé àwọn tí yóò mú un lọ fún iṣẹ́ abẹ. Ní èrò tiwa, ojú rẹ̀ ti là. Òtítọ́ ni kò lè gbé. Ikú yá ju ẹ̀sín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀sín ojú ayé kọ́ ni Andrew sá fún, ohun tí ọkàn rẹ̀ mọ̀ ni.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Ohun tí a ń pè ní ìsọkúsọ lẹ́nu aláìsàn ọpọlọ lè jẹ́ ibi tí ó fi ìbànújẹ́ rẹ̀ pamọ́ sí. Wèrè tí a ń wò yìí, ọmọ ẹnìkan ni. Bàbá ọmọ mẹ́ta sì ni pẹ̀lú.