Ikọ́ tí Kò Lọ Lára Aboyún: Àyẹ̀wò àti Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀fóró

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ni ó ń lóyún lásìkò tí wọ́n ń ka NCE, tí wọ́n sì ń gbé oyún náà lọ sí TP ní Gwagwalada, Kuje tàbí Bwari. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń wúkọ́ fún oṣù kan, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kí ni àwa olùkọ́ àgbà máa ń sọ? "Oyún ló fà á." Gbólóhùn yìí ni a fẹ́ tú wò níhìn-ín.

Òótọ́ ni pé oyún máa ń jẹ́ kí èémí kúrú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oyún ni ó yẹ kí a di ẹ̀bi ikọ́ tí ó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ rù, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. Ní Nàìjíríà, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni a máa ń kọ́kọ́ fura sí, nítorí ó wọ́pọ̀ láàárín wa. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń yọjú, torí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró a máa fara jọ ọ́: ikọ́ ni, àyà dídùn ni, ènìyàn á sì máa rù. Bí àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kò bá rí kòkòrò, tí wọ́n fún aláìsàn ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí ara kò sì yá, ó yẹ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, kí wọ́n má ṣe dúró di ìgbà tí oṣù mẹ́fà oògùn náà bá pé. Àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n lára aboyún, a kò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Àmọ́ obìnrin tí kò fẹnu kan sìgá rí lè ní in.

(Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gé "ẹ̀dọ̀fóró" kù sí "ẹ̀dọ̀" nínú kíláàsì. Ẹ̀yà ara mìíràn ni ẹ̀dọ̀.)

Ẹ̀rù X-ray máa ń dá àyẹ̀wò dúró. Bẹ́ẹ̀, ìtànṣán tí ó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú nígbà tí wọ́n bá ya àyà ìyá rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 0.01 milligray lọ. Èyí tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ń tàn sí i lára láàárín oṣù mẹ́sàn-án ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ó di ìgbà tí ó bá kọjá 50 milligray kí àwọn onímọ̀ tó máa bẹ̀rù fún ọmọ. CT àyà náà ṣe é ṣe bí ó bá pọn dandan. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á bu díẹ̀ lára kókó tí wọ́n rí lọ wò, torí àwòrán nìkan kò tó láti pe nǹkan ní jẹjẹrẹ.

Ọjọ́ orí oyún ló ń darí ìtọ́jú. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹ̀yà ara ọmọ ń dá, nítorí náà wọn kì í fún aboyún ní chemotherapy nígbà náà. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, àwọn oògùn bíi carboplatin àti paclitaxel ṣe é lò. Wọ́n á dá a dúró ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìbímọ, kí ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ lè padà sípò. Fífi ìtànṣán tọ́jú àyà sábà máa ń di ẹ̀yìn ìbímọ. Bí ọmọ bá dé, wọ́n á yẹ ibi rẹ̀ wò, torí jẹjẹrẹ lè dé ibẹ̀. Ìyá tí ó sì ń gba oògùn yìí kì í fún ọmọ lọ́mú.

Ibi tí ó le jù ni bí àìsàn bá ti tàn ká nígbà tí oyún ṣì kéré, tí dídúró di oṣù kẹrin lè mú ẹ̀mí ìyá lọ. Òfin Penal Code tí Àbújá ń lò gbà kí wọ́n ṣẹ́ oyún bí ó bá jẹ́ láti gba ẹ̀mí obìnrin là. Obìnrin náà àti àwọn dókítà rẹ̀ ni yóò pinnu. Kì í ṣe ojúṣe wa láti wàásù fún un. Ilé ìwòsàn ńlá ni irú ọ̀rọ̀ báyìí ń fẹ́, níbi tí dókítà aboyún àti ti jẹjẹrẹ ti lè jókòó pọ̀, bíi National Hospital, tí wọ́n ṣí ní 1999 fún ìtọ́jú obìnrin àti ọmọdé.

Tiwa kéré sí ìyẹn. Kí olùbẹ̀wò TP tó kọ máàkì sílẹ̀, kí ó bi akẹ́kọ̀ọ́ náà pé: ìgbà wo ni ikọ́ yìí bẹ̀rẹ̀? Bí ó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó fún un láàyè láti lọ ṣe àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, kí ó sì fi yé e pé ọjọ́ tí ó bá lò nílé ìwòsàn kò ní gba TP lọ́wọ́ rẹ̀.