Awò Ojú àti Ẹni Tí Yóò Bá Wa Yàn Án

Àwọn àgbà ní ojú lọba ara. Síbẹ̀, láti Ayépé dé Ìjẹ̀bú-Òde, orí àtẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń yan awò ojú bí ẹni ń yan fìlà.

Bí ènìyàn bá ti tó ẹni ogójì (40) ọdún, awò àdánidá inú ẹyinjú a máa gan. Ó di kí a na ìwé jìnnà kí a tó lè kà á. Awò orí àtẹ lè mú lẹ́tà hàn, ṣùgbọ́n agbára kan náà ni tọ̀tún tòsì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú méjì kì í sábà dọ́gba.

Èyí tó burú jù ni àìsàn glòkómà, tó wọ́pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kì í sábà dunni. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń jẹ ìríran bọ̀ ní àárín, ohun tó bá sì jẹ kì í padà. Onímọ̀ ojú ni ó lè wọn agbára omi inú ẹyinjú, kí ó sì yẹ iṣan ìríran wò. Òfin ọdún 1989 sì ti gbé ìgbìmọ̀ tí ń fi orúkọ àwọn onímọ̀ awò sílẹ̀ kalẹ̀ ní Nàìjíríà.

Dúdú awò oòrùn kọ́ ni ààbò rẹ̀. Lábẹ́ òjìji rẹ̀, ọmọlójú a máa fẹ̀. Bí kò bá dí ìtànṣán UV, ìpalára ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún. UV400 ni kí a béèrè.

Kí àyẹ̀wò ṣáájú, kí rírà tẹ̀lé e.