Iná Inú Ilé: Bí A Ti Lè Dín Ìnáwó Rẹ̀ Kù, àti Bí A Ti Lè Pèsè Rẹ̀ Fúnra Wa

Kò sí ilé tí a kì í dá iná. Iná ni a fi ń se oúnjẹ, iná ni a fi ń yan gaàrí, iná ni ọmọ ilé-ìwé fi ń ka ìwé lálẹ́, iná náà sì ni aránṣọ àti onígbàjámọ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Nítorí náà, nígbà tí owó iná bá gòkè, gbogbo ohun tí ń bẹ nínú ilé a gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Èyí ni ó dé bá àwọn ará oko àti àwọn ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká, láti Mọ́níyà ní Akínyẹlé títí dé Lálúpọn ní Lágelú, àti láti Ẹgbẹ́dá títí dé Akanran ní Ọ̀nà-Àrà.

BÍ Ọ̀WỌ́N NÁÀ TI DÉ

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gba ìjọba, ó kéde pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo pẹtiróòlù ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, epo tí a ń rà ní nǹkan bí ₦190 fún lítà kan ti di nǹkan bí ₦500. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,000.

Iná mọ̀nàmọ́ná tí ń gba orí wáyà wá kò dúró sẹ́yìn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, a sọ owó àwọn tí ó wà ní ìpele A, èyíinì ni àwọn tí ó yẹ kí wọ́n ní iná fún 20 wákàtí lójúmọ́, di ₦225 fún ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ni ₦68 ni wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ó wà ní ìpele ìsàlẹ̀ kò rí irú àfikún bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ ni iná fi ń tàn fún wọn. Ní ọdún 2024 kan náà, iná gbogbo orílẹ̀-èdè dákú ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ. NEPA ni a ń pè é láti ọdún 1972, ó di PHCN ní ọdún 2005, IBEDC sì gba ìpín ti Ìbàdàn ní ọdún 2013. Orúkọ ń yí padà, ṣùgbọ́n òkùnkùn kò tíì kúrò ní abúlé.

KÍ A KỌ́KỌ́ KA OWÓ

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Baálé tí ń ra epo lítà méjì lálaalẹ́ sínú ẹ̀rọ amúnáwá kékeré lè rò pé owó kékeré ni òun ń ná. Kí ó ṣírò rẹ̀ wò. Bí lítà kan bá jẹ́ ₦1,000, lítà méjì jẹ́ ₦2,000. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ ó di ₦60,000. Ní ọdún kan ó di ₦730,000, láìka òróró ẹ̀rọ àti owó alátùn-únṣe. Kí olúkúlùkù ilé fi ìwé kékeré kan sí ìdí ògiri, kí a máa kọ iye tí a ná sórí epo, igi, èédú àti gáàsì sínú rẹ̀ fún oṣù kan. Ẹni tí kò mọ iye tí ń jò kò lè mọ ibi tí yóò dí.

Lẹ́yìn èyí, kí a dín ìlò kù kí a tó ronú àti pèsè. Wáàtì ni a fi ń wọn agbára iná, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi kóńgò wọn gaàrí. Gílóòbù ti àtijọ́ ń jẹ 60 wáàtì. Ti ìsinsìnyí tí a ń pè ní LED ń jẹ nǹkan bí 10, ìmọ́lẹ̀ wọn sì dọ́gba. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ ń jẹ 1,000 wáàtì. Nítorí náà, kí a lọ aṣọ gbogbo ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ilé ìdáná, kí a rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú, kí a dé ìkòkò lórí, kí a sá igi gbẹ dáadáa, kí a sì fi amọ̀ mọ ẹ̀gbẹ́ ààrò yíká kí ooru má baà bá afẹ́fẹ́ lọ.

ÌMỌ́LẸ̀ LÁTI INÚ OÒRÙN

Oòrùn tí ń gbẹ èlùbọ́ wa lè tan iná fún wa pẹ̀lú. Pátákó dúdú tí a ń pè ní sólà ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó sì ń sọ ọ́ di iná. Bátìrì ń tọ́jú rẹ̀ di alẹ́. Ẹ̀rọ tí a ń pè ní ínfátà sì ń sọ ọ́ di irú èyí tí ẹ̀rọ inú ilé lè lò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra á láìṣírò. Bí gílóòbù mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan 10 wáàtì, bá tàn fún wákàtí márùn-ún, ó jẹ́ 200. Bí fáànù kan tí ó jẹ́ 60 wáàtì bá fẹ́ fún wákàtí márùn-ún, ó jẹ́ 300. Kí a fi 50 kún un fún fóònù. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 550. Pátákó kan tí ó jẹ́ 200 wáàtì, bí ó bá rí oòrùn gidi fún wákàtí mẹ́rin, yóò mú 800 wá. Bí a bá sì yọ ìdámẹ́rin tí ń ṣòfò lójú ọ̀nà, 600 ni yóò kù, èyí tí ó tó. Bátìrì òjé kan tí ó jẹ́ fóòtì 12 àti 100 áḿpù-wákàtí gba 1,200, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ lò ju ìdajì rẹ̀ lọ lálẹ́ kan, bí a kò bá fẹ́ kí ó tètè kú. Bátìrì lítíọ́mù wọ́n jù ú, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ jù ú lọ púpọ̀. Firíìjì, áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ ìlọta kò sí nínú ìṣírò yìí.

Kí a kọ ojú pátákó sí gúúsù, kí ó dà díẹ̀ kí òjò lè máa wẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀nba òjìji igi kan lórí rẹ̀ a máa dín iná rẹ̀ kù gidigidi. Ní ìgbà ọyẹ́, kí a máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu eruku rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ní àárín òjò, kí a mọ̀ pé iná yóò dín kù.

GÁÀSÌ LÁTI INÚ ÌDỌ̀TÍ

Ní Ìbàdàn fúnra rẹ̀, ètò kan tí a pè ní Cows to Kilowatts, tí a gbé kalẹ̀ láti sọ ìdọ̀tí odò ẹran Bódìjà di gáàsì àti ajílẹ̀, gba ẹ̀bùn Seed ní ọdún 2005. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le. A ń po ìgbẹ́ màlúù àti omi lọ́gbọọgba sínú àgbá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, gáàsì tí ó ṣeé dáná yóò máa jáde. Ìgbẹ́ màlúù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a so mọ́lẹ̀ lè tó ìdáná ilé kan. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí ó kún ẹ̀yìn ibi ìfọ́n gaàrí wúlò pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kí a pò ó mọ́ ìgbẹ́ ẹran, nítorí pé kíkan rẹ̀ nìkan a máa dá iṣẹ́ dúró. Omi tí ó bá jáde lẹ́yìn náà jẹ́ ajílẹ̀ rere fún àgbàdo àti ẹ̀fọ́. A kò gbọdọ̀ ṣáná láti fi wá ibi tí gáàsì ń jò. Ọṣẹ híhó ni kí a fi wá a.

ÌKÌLỌ̀ NÍTORÍ Ẹ̀MÍ

Owó tí ó bá bọ́ ṣeé wá, ẹ̀mí kò ṣeé rà. Èéfín ẹ̀rọ amúnáwá ní oró kan tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ó ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Nítorí ìbẹ̀rù olè, àwọn mìíràn ń gbé ẹ̀rọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ilé ìdáná. Ẹ má ṣe dán an wò! Kí ó wà ní ìta gbangba, ó kéré tán ogún ẹsẹ̀ sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Bí olè bá bà yín lẹ́rù, ẹ fi ṣẹ́ẹ̀nì dè é mọ́ òpó níbẹ̀. Ààrò èédú nínú yàrá tí a tì ní oró kan náà. Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ó sì ń rì í bí ẹni pé yóò bì, kí a gbé e síta kánkán sínú afẹ́fẹ́, kí a pa ẹ̀rọ náà, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Bákan náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ so ẹ̀rọ amúnáwá mọ́ wáyà ilé láìsí ìyípadà tí ó yà á kúrò lára wáyà ìjọba. Iná tí ó bá padà sórí òpó lè pa òṣìṣẹ́ tí ń tún un ṣe, ẹni tí ìyàwó àti ọmọ ń retí nílé.

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká sólà lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó dá èésú, tàbí kí ó lọ bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò rẹ̀. Pátákó kan àti gílóòbù méjì tó fún ìbẹ̀rẹ̀. A lè fi kún un lẹ́yìn ìkórè. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.