Ọ̀rọ̀ náà 'Afọ́jú' àti Ìdánimọ̀ Ẹni tí Kò Ríran

Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí èdè ṣe ń fi ìhà tí àwùjọ kọ sí afọ́jú hàn. Bí a bá ní, 'Ojú rẹ̀ fọ́', ẹ̀yà ara kan ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ 'a-' kún 'fọ́jú', odindi ènìyàn ni ó di 'afọ́jú'. Àfòmọ́ yìí kan náà ni ó wà nínú 'apẹja' àti 'akọrin', ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí apẹja ń ṣe ni a fi pè é. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí afọ́jú ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Àbùkù a wá bo orúkọ àbísọ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó fà á lọ́wọ́ ni ènìyàn ń bi pé, 'Kí ni ó fẹ́?', bí ẹni pé etí rẹ̀ náà di.

Síbẹ̀, Yorùbá mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí afọ́jú bá ní òun yóò sọ òkò luni, ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ òkúta mọ́lẹ̀: òwe yìí gbà pé ó ní ìmọ̀ àti ète. Benjamin Adéróunmú (Kòkòrò), ọmọ Ọ̀wọ̀ tí ó kú ní 2009, fi sámbà àti orin gbajúmọ̀ ní Èkó. 'Akọrin' ni òun náà, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó sì fún un ní orúkọ yìí.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ń lo 'akàndá ẹ̀dá'. Ó dára, ṣùgbọ́n pípààrọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí a bá ẹni náà gan-an sọ̀rọ̀, kí a sì fi orúkọ rẹ̀ pè é.