Ọdún Tí Ọyẹ́ Le

Ọyẹ́ ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó máa ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà wọ ilẹ̀ Yorùbá láàrin oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta. Ilẹ̀ Ìbàràpá máa ń tètè mọ̀ pé ó ti dé, nítorí ọ̀dàn ló pọ̀ jù níbẹ̀, kò sí igbó kìjikìji tí yóò dí i lọ́nà. Ní Èrúwà, bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ tí ọyẹ́ mú, àpáta tí gbogbo ìlú ń wò lójoojúmọ́ a pòórá sínú eruku. Ètè a bó, àtẹ́lẹsẹ̀ a sán, òrí a sì di ohun tí kò gbọdọ̀ tán nílé. Tó bá di ọ̀sán, oòrùn a tún mú ganrínganrín. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé ọyẹ́ ti ní àwọn ọdún tó dá sẹ̀ríà fún ènìyàn, bí òjò yìnyín ṣe ń ṣe fún àwọn ará Amẹ́ríkà.

Eruku inú rẹ̀ ní orírun. Bodélé lorúkọ ibẹ̀, kòtò gbalasa kan ní ilẹ̀ Chad, tó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá láyé àtijọ́. Omi gbẹ tán, ó ku ẹbu funfun lẹ́búlẹ́bú. Afẹ́fẹ́ tó bá fún ara rẹ̀ gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi a máa le sí i, a sì gbọ́n ẹbu náà gbé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ti bà sórí aṣọ tí wọ́n sá ní Lánlátẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2010, eruku yìí pọ̀ débi pé ọkọ̀ òfurufú kò lè gbéra ní ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ òfurufú Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n iná ni ọyẹ́ fi ń jà jù. Koríko tó ti gbẹ táútáú ń dúró de ẹni tí yóò ṣáná sí i: ọdẹ tó ń lé ọ̀yà, darandaran tó fẹ́ kí ewé tútù rú, tàbí àgbẹ̀ tó ń sun pàǹtí oko. Màjàlà ló kọ́kọ́ ń ròyìn rẹ̀ nílé, tí yóò máa já bọ́ dúdúdúdú sínú omi tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Ọdún 1983 ló burú jù nínú èyí tí ìran yìí rántí. Ọ̀dá dá káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, iná jó oko kòkó ní Gánà, ó jó o ní Nàìjíríà náà. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà tí kò níwèé. Àìmọye wọn padà sílé, wọ́n sì bá iná àti ìyàn níbẹ̀.

Ìbàràpá tún ní ìyà tirẹ̀ nígbà kan rí, ìyẹn sòbìà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láyé ìgbà náà, tí adágún bá fà, omi díẹ̀ tó kù ni gbogbo ènìyàn ń bọ́ sínú rẹ̀ láti pọn, inú rẹ̀ sì ni kòkòrò náà wà. Ìdèrè jìyà rẹ̀ débi tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ti ní ibùdó ní Igbó-Ọrà láti ọdún 1963, fi ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà.

Ní ti yìnyín Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń ka àwọn tó bá pa. Ìjì yìnyín oṣù Kẹta ọdún 1888 pa ènìyàn tó lé ní 400 ní apá ìlà-oòrùn. Ti Texas ní oṣù Kejì ọdún 2021 pa 246. Iná mànàmáná kú mọ́ ọ̀kẹ́ àìmọye ilé lórí, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti mọ́tò sì wà lára ohun tó pa àwọn tó ń wá ooru. Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yẹn yé ará Nàìjíríà dáadáa.

Ọyẹ́ kì í bo ilé mọ́lẹ̀ bíi yìnyín, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í kà á sí àjálù. Àgbẹ̀ tó bá gbin kájú sí Ayétẹ̀ tàbí Ìgàngàn kó má dúró de ìkìlọ̀ kankan. Kó ti ro etí oko rẹ̀ yíká kí oṣù Kejìlá tó parí, kí iná má baà wọ̀ ọ́.