Owó ilé tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù: ìwé ilẹ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró

Láti ọdún 1992 tí òfin National Housing Fund ti jáde ni wọ́n ti ń yọ owó ilé lára owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìlà kan lásán ni nínú ìwé owó oṣù. Wọ́n á wò ó, wọ́n á kùn díẹ̀, ó parí. Bẹ́ẹ̀ owó tiwọn ni.

Náírà méjì àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún náírà ni wọ́n ń yọ. Lára 100,000 náírà, 2,500 ni yóò lọ. Federal Mortgage Bank of Nigeria, ìyẹn báńkì ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ ilé, ló ń kó o jọ. Oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ náà lè dá a. Ẹni tó bá ti dá a fún oṣù mẹ́fà lè béèrè owó láti fi ra ilé, láti fi kọ́ ọ, tàbí láti fi tún ti àtijọ́ ṣe. Àwọn báńkì kéékèèké tó ń ṣètò ẹ̀yáwó ilé ni yóò bá a gbé ìwé rẹ̀ lọ.

Èlé rẹ̀ ló dùn. Náírà mẹ́fà lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún ni wọ́n fi mọ ètò yìí. Ẹni tó bá yá mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún 20 ọdún yóò máa san bí 35,800 náírà lóṣù. Bí ó bá jẹ́ báńkì tó ń gba náírà 25 lórí ọgọ́rùn-ún ló ti yá a, ohun tí yóò máa san lóṣù yóò lé ní 100,000.

Kí ló wá ń dá àwọn èèyàn wa dúró? Ilẹ̀ ni. Bàbá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí kan, wọ́n kọ ìwé pélébé, àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, gbogbo wọn sì ti kú tán. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé ilẹ̀ Bàbá ni. Báńkì kò mọ abúlé. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, èèyàn kò sì lè fi ilé dúró fún gbèsè láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń béèrè C of O àti àwòrán tí awọ̀nlẹ̀ yà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ oṣù, ẹ ṣètò ìwé ilẹ̀ yín kí ọmọ tó lọ gba fọ́ọ̀mù. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí nìkan kò tó. Kí àwọn àgbà ẹbí bá a fọwọ́ sí i, kí wàhálà má baà dé lẹ́yìn ọ̀la.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pé 60 ọdún tàbí tí ẹ ti fẹ̀yìntì láìyá kọ́bọ̀, ẹ̀tọ́ yín ni kí wọ́n dá owó yín padà pẹ̀lú èlé náírà méjì lórí ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó mọ iye tí wọ́n ń ta sìmẹ́ǹtì lè má pe ìyẹn ní èlé, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi sílẹ̀ fún wọn. Bí ẹni tó dá owó náà bá ti kú, àwọn àjogún rẹ̀ lè béèrè fún un. Ẹ̀ka báńkì náà tó wà ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ yín ni kí ẹ lọ, kí ẹ mú ìwé ìfẹ̀yìntì àti ìwé owó oṣù àtijọ́ dání, bí eku kò bá tíì jẹ ẹ́.